Ọkọ ti tó gba pẹ́ńṣàn, ìyàwó ò tíì tó: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àìlera mọ́ tọkọtaya lọ́wọ́ nílùú Ọba

Ọdún 2025 ni bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé 66. Ìrẹsì wà, kéèkì wà, ọmọ wọn obìnrin wọ tíréènì wá láti Manchester, gbogbo wa jó, àṣé bàbá ti ṣe nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀. Wọ́n ti wọ inú Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tówó wọn kéré) tí àwọn àti ìyàwó wọn jọ ń gbà lórí fóònù, wọ́n kọ ọ́ sínú journal, ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí ìjọba lórí ẹ̀, pé àwọn ti di pensioner o, kí wọ́n bá àwọn pa á dé. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló ní Pension Credit, owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbà tó ti tó gba pẹ́ńṣàn, ló kàn, pé òun ń gbà á, pé owó ẹ̀ jọjú ju Universal Credit lọ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ yẹn ò purọ́. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀ látọdún 2017, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Láti 15 oṣù karùn-ún 2019, tọkọtaya tí ọ̀kan ti tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn tí èkejì ò tíì tó ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Pension Credit mọ́. Ọjọ́ orí ẹni tó kéré nínú yín ni wọ́n ń wò. Ìyàwó bàbá yìí sì rèé, 59 ni wọ́n. Torí náà Pension Credit ò sí, Universal Credit tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa dé sì nìyí, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dúró, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kówó àkọ́kọ́ tó wọlé, lánlọ́ọ̀dù ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Mi ò bú bàbá o. Lọ́dún yẹn (2025 sí 2026) Pension Credit tọkọtaya jẹ́ £346.60 lọ́sẹ̀, ìyẹn bíi £1,500 lóṣù, nígbà tí owó ìpìlẹ̀ Universal Credit tọkọtaya jẹ́ £628.10 lóṣù, ta ni ò ní sáré? Èmi kì í ṣe lọ́yà, èmi kàn ni wọ́n máa ń gbé àpò létà búráùn wá bá lẹ́yìn ìsìn, mo sì ti rí i pé àṣìṣe kan náà làwọn èèyàn wa ń ṣe ṣáá.

Owó ara yàtọ̀ sí owó ilé

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn àgbà nìyí. Owó ara ni PIP (owó àìlera fẹ́ni tó bèèrè kó tó pé ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn), Attendance Allowance (tẹni tó ti pé ọjọ́ orí náà kó tó bèèrè), àti DLA, owó àìlera àtijọ́ tí àwọn kan ṣì ń gbà. Ara ẹni tó ń ṣàìsàn ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀, wọn ò bèèrè iye tọ́kọ ń gbà, wọn ò bèèrè ọjọ́ orí ìyàwó. Tí ìyàwó yín bá pé ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn lọ́la, PIP tiyín ò ní fi kọ́bọ̀ kan dínkù. Owó ilé ni Universal Credit, Pension Credit, Housing Benefit (owó ìrànwọ́ fún rẹ́ǹtì), àwọn yìí ni wọ́n máa ń kó ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ kà, àwọn yìí ló máa ń mì tí ọ̀kan bá di pensioner. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, á lọ dààmú níbi tí ewu ò sí, á wá sùn lọ níbi tí ewu wà.

Bàbá kan náà yìí, wọ́n tún fẹ́ kọ̀wé pé kí wọ́n gba PIP wọn padà, kí wọ́n fún àwọn ní Attendance Allowance torí pé ìyẹn ni tàwọn àgbà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wọn obìnrin tó gba bírò lọ́wọ́ wọn. Stroke ló mú wọn lápá ọ̀tún, wọ́n ní PIP ti ìtọ́jú ojoojúmọ́, wọ́n tún ní ti ìrìn lókè pátápátá, £77.05 lọ́sẹ̀ lọ́dún yẹn, òun ni wọ́n fi gba mọ́tò Motability (mọ́tò tí wọ́n ń fi owó ìrìn yá) tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Attendance Allowance ò ní owó ìrìn rárá. Tẹ́ ẹ bá ti ń gba PIP kẹ́ ẹ tó pé ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn, ẹ máa bá a lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Àmọ́ o, ìdàkejì ẹ̀ ló ń dùn mí jù. Àwọn tó jẹ́ pé orúnkún ti ń pa wọ́n látọmọ 62, wọn ò lè rìn dé bọ́ọ̀sì stop láì dúró lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn á ní "ó máa lọ, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gba pẹ́ńṣàn mi ná." Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn láì tíì bèèrè PIP, ilẹ̀kùn ẹ̀ ti tì nìyẹn, Attendance Allowance nìkan ló kù, £73.90 tàbí £110.40 lọ́sẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yẹn, kò sówó ìrìn, kò sí mọ́tò. Ẹ bèèrè kó tó di ọjọ́ ìbí yẹn. Tí PIP yín bá sì ti já lójú ọ̀nà tí kò tíì pọ́dún kan, ẹ ṣì lè bèèrè ẹ̀ padà fún àìsàn kan náà bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti di pensioner, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. (Àwọn tó ń gbé ní Scotland, orúkọ tiyín yàtọ̀, Adult Disability Payment àti Pension Age Disability Payment, ẹ má lọ gba fọ́ọ̀mù àwa ará England.)

Ẹ sì má gbà pé 66 ni fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí wọ́n bí láti 6 oṣù kẹrin 1960, oṣù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń sún tiẹ̀ síwájú títí tó fi máa dé 67.

"Wọ́n ń ja wá lólè"

Gbólóhùn yìí ni mo máa ń gbọ́ lóṣù kejì tí pẹ́ńṣàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é, kó yé wa. Tọkọtaya wa yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n padà sórí Universal Credit lọ́dún yẹn, £628.10 owó ìpìlẹ̀, £423.27 torí ara bàbá tí kò lè ṣiṣẹ́, £201.68 torí ìyàwó tó ń tọ́jú wọn, ẹ jẹ́ ká ní rẹ́ǹtì jẹ́ £800. Àròpọ̀ ẹ̀ £2,053.05. Tí bàbá bá ń gba State Pension tuntun (pẹ́ńṣàn ìjọba) lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, £230.25 lọ́sẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n máa yọ gbogbo ẹ̀ kúrò nínú Universal Credit, pọ́n-ùn kan fún pọ́n-ùn kan, kì í ṣe bíi owó iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yín. £997.75 ni wọ́n máa yọ lóṣù, £1,055.30 ló kù. PIP ò sí nínú ìṣirò yìí, wọn ò yọ ọ́.

Wọ́n á wá wo báńkì wọn, wọ́n á rí i pé £921 péré ló wọlé látọ̀dọ̀ State Pension, ẹ wá ń yọ £997.75? Olè! Kì í ṣe olè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń san pẹ́ńṣàn, ìgbà mẹ́tàlá lọ́dún, oṣù-oṣù sì ni Universal Credit ń kà, wọ́n pín owó ọdún sí méjìlá. Oṣù kan ń bọ̀ tí pẹ́ńṣàn máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ lowó yẹn sá pamọ́ sí. Mo ti fi ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣàlàyé èyí fún ìyá kan, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní "ó dáa, àmọ́ wọ́n ṣì ń jalè."

Àwọn kan á ní àwọn gbọ́n, àwọn ò ní gba State Pension báyìí, kó máa gbèrú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Universal Credit, wọ́n máa kà á bíi pé ẹ ti ń gbà á, wọ́n á yọ owó tí kò tíì dọ́wọ́ yín. Owó náà ò sì ní fúnra ẹ̀ wá, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ẹ̀, létà ìpè máa ń dé bí oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ ìbí.

Pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ lọkùnrin Yorùbá ti máa ń ṣubú. Wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà lẹ́ẹ̀kan náà torí pé kò sí tax lórí ẹ̀, wọ́n fẹ́ fi parí ilé. Tí owó yín àti tìyàwó pa pọ̀ bá ti kọjá £16,000, Universal Credit ti tán nìyẹn, Pension Credit ni kò ní gbèdéke bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì sáré kó o lọ sílé kí wọ́n má bàa rí i, wọ́n lè kà á sí yín lọ́rùn bíi pé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ilé tẹ́ ẹ ń kọ́ sí Ìkòròdú náà, nígbà tí kì í ṣe ibẹ̀ lẹ ń gbé, dúkìá ni lójú wọn. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín báyìí.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹnì kejì

Carer's Allowance (owó olùtọ́jú, £83.30 lọ́sẹ̀ lọ́dún yẹn) àti State Pension ò lè jọ wọlé, tí pẹ́ńṣàn bá ti ju iye Carer's Allowance lọ, Carer's Allowance á dúró. Ẹni tó jẹ́ òun ló dàgbà tó sì ń tọ́jú ìyàwó tára ẹ̀ ò dá á wá rò pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Rárá. Owó olùtọ́jú tó wà nínú Universal Credit (£201.68 lóṣù lọ́dún yẹn) ò bá ọjọ́ orí lọ, ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Èyí tó kéré nínú tọkọtaya ṣì lè rí létà pé kó wá rí work coach (òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń báni wáṣẹ́), kó máa wáṣẹ́. Pẹ́ńṣàn ọkọ ò gbà á sílẹ̀. Ohun tó lè gbà á sílẹ̀ ni kó máa fi wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tọ́jú ẹni tó ń gba PIP ìtọ́jú tàbí Attendance Allowance, tàbí kára òun fúnra ẹ̀ má dá. Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ má dákẹ́ kẹ́ ẹ máa sá fún létà.

Ọ̀rọ̀ lílọ sílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí Pension Credit ṣáájú 15 oṣù karùn-ún 2019 pẹ̀lú ìyàwó tó kéré, ẹyin lẹ gbé dání yẹn o, ẹ má jẹ́ kó já bọ́. Tó bá dúró, tí Housing Benefit àwọn àgbà náà ò sì sí lọ́wọ́ yín, ẹ ò lè padà síbẹ̀ mọ́ àfi tí ìyàwó bá tó ọjọ́ orí, Universal Credit ló kàn. Ohun tó sì máa ń já a jù lọ́dọ̀ wa ni ìsìnkú. Màmá kú ní Abẹ́òkúta, òkú wà ní mọ́ṣúárì, ẹ̀gbọ́n ń retí físà ní Texas, ẹbí ò tíì mú ọjọ́, aṣọ ẹbí ò tíì dé, kẹ́ ẹ tó mọ̀ oṣù mẹ́ta ti lọ. Pension Credit gbà yín láyè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré lẹ́yìn odi, ó lè di mẹ́jọ tó bá jẹ́ pé òkú ẹbí tímọ́tímọ́ ni, ó lè di 26 fún ìtọ́jú àìsàn. Universal Credit fún yín lóṣù kan, ó lè fi kan sí i fún òkú. PIP àti Attendance Allowance ló ní sùúrù, ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ dé sílẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ìyàwó tẹ́ ẹ mú wá láti Nàìjíríà lórí físà tí kò gbà á láyè owó ìjọba, Pension Credit ò kà á mọ́ yín, bàbá lè bèèrè bí ẹni tó dá wà. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá gba indefinite (ìwé àtimáa gbé ìlú yìí títí), ẹ ti di tọkọtaya tí ọjọ́ orí yín ò dọ́gba nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ físà lágbára, ẹ gbé e lọ bá Citizens Advice tàbí Age UK, àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan, ọ̀fẹ́ ni. Tí ìpinnu kan bá sì dé tí ò tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù kan lẹ ní láti ní kí wọ́n tún un wò.

Council Tax (owó tí káńsù ń gbà lórí ilé) ò sí nínú Universal Credit o, káńsù lẹ ti máa lọ bèèrè ẹ̀dínwó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá wa gbàgbé ìyẹn náà, oṣù mẹ́rin.

Wọ́n ti wà lálàáfíà báyìí. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ ìbí 67 ìyàwó wọn ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù Pension Credit, ọmọ wọn obìnrin ti kọ ọ́ sórí bébà fún wọn, wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà pásítọ̀: 2033.