Bí a ṣe lè yan dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí ariwo àti ooru má baà ni wá lára

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sábà máa ń bi ẹnjiníà léèrè nípa irin, sìmẹ́ńtì àti iye owó tí dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ilé, yóò gbà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó béèrè bóyá ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ yóò máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ará òkè, tàbí bóyá yàrá òkè yóò ṣeé sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbéèrè méjèèjì ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, kí wọ́n tó da dẹ́kìn ni ó sì yẹ kí onílé ti mọ̀ wọ́n.

Ariwo tó ń gba dẹ́kìn kọjá pín sí oríṣi méjì. Èkínní ni èyí tó ń gba inú afẹ́fẹ́ wá, bí ohùn ènìyàn, rédíò àti àdúrà òru. Èkejì ni èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ọmọdé tó ń fò sókè sódò, bàtà gogoro, àga tí wọ́n ń wọ́, àti ọmọ odó tí wọ́n fi ń gún iyán lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ìwúwo ilẹ̀ ló ń dá ti àkọ́kọ́ dúró, ohun rírọ̀ tó wà lójú ilẹ̀ tàbí lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ló sì ń dá ti èkejì dúró. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò náwó síbi tí kò yẹ.

Ní ti ìwúwo, dẹ́kìn kọnkéré tí kò ní ihò nínú ló ṣíwájú. Bí ó bá nípọn tó 150 mm, sukúà mítà kan rẹ̀ yóò wúwo tó nǹkan bí 360 kg, èyí tó tó láti mú kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ní pálọ̀ òkè má ṣe yé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àwọn mìíràn rò pé bí àwọn bá tún mú un nípọn sí i, gbogbo wàhálà ti parí. Bí ìwúwo ilẹ̀ bá tilẹ̀ di ìlọ́po méjì, nǹkan bí désíbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 6 péré ni ariwo inú afẹ́fẹ́ fi ń dín kù, bẹ́ẹ̀ sì ni etí wa kì í kà á sí ìdajì àfi tí ó bá dín ní nǹkan bí 10. Bí a bá sì fi 50 mm kún dẹ́kìn, a ti fi 120 kg kún ẹrù tí bíìmù, òpó àti ìpìlẹ̀ yóò gbé lórí sukúà mítà kọ̀ọ̀kan. Èmi kò rí èrè tó tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹnjiníà bá yà ni kí ẹ kọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín in kù láti fi dín sìmẹ́ńtì kù.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kútọnu àti Lomé, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń fi bulọ́ọ̀kù oníhò tí wọ́n ń pè ní hourdis kọ́: wọn yóò tò ó sáàárín àwọn bíìmù kéékèèké, wọn yóò sì da kọnkéré fẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí. Ó fúyẹ́ ju dẹ́kìn kọnkéré gidi lọ, ihò inú rẹ̀ sì ń dín ooru kù díẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó fúyẹ́, ohùn ènìyàn ń là á kọjá jù. Ilẹ̀ pákó, irú èyí tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà ní Èkó, ló fúyẹ́ jù lọ. Bí ilé tí ẹ jogún bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ikán wò, lẹ́yìn náà kí káfíntà ki òwú tí wọ́n ń fi òkúta yíyọ́ ṣe sáàárín àwọn ìtì igi, kí ó sì kan pákó sílìn tó wúwo sí abẹ́ wọn.

Ibi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ìtẹ́lẹ̀ tí kò fara kan dẹ́kìn. Kọnkéré wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó le. Bí ẹ bá sì lẹ táìsì mọ́ ọn tààrà, gbogbo ìró bàtà yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì jáde nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ gbá ojú dẹ́kìn mọ́, kí ẹ fọ́ gbogbo kókó sìmẹ́ńtì tó yọ, kí ẹ wá tẹ́ rọ́bà tàbí fóòmù tó le díẹ̀, tó nípọn tó 5 sí 10 mm, jákèjádò yàrá. Fóòmù ìbùsùn kò wúlò níbí, nítorí ẹrù yóò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ; fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí sì le jù fún ìró ẹsẹ̀. Ẹ gbé etí fóòmù náà sókè lára ògiri yíká, kí ó ga ju ibi tí táìsì yóò dé. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e lórí, kí ojú ìpàdé rẹ̀ gorí ara wọn, kí omi sìmẹ́ńtì má baà ṣàn wọlé. Lẹ́yìn èyí ni bíríkìlà yóò da ìtẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò ní fẹ́ẹ́rẹ́ ju 65 mm, pẹ̀lú àwọ̀n wáyà nínú rẹ̀, tí yóò sì máa rin ín lómi fún ọjọ́ 7.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìtẹ́lẹ̀ náà yóò fi nǹkan bí 130 kg kún ẹrù sukúà mítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ó tó ṣírò irin. Yóò tún gbé ilẹ̀ òkè sókè tó 80 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọn kò bá sì ti rò ó mọ́ àkàsọ̀, ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn yóò ga ju ìyókù lọ, ilẹ̀kùn pàápàá yóò máa ha ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìwà àwọn tó ń lẹ táìsì, tí wọ́n máa ń gé etí fóòmù dànù kí igun lè dára lójú, tí wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì dí àlàfo náà. Sìmẹ́ńtì díẹ̀ tó bá so ìtẹ́lẹ̀ mọ́ ògiri tó láti sọ gbogbo owó yẹn di òfo. Gọ́ọ̀mù sílíkónì ni kí wọ́n fi dí i.

Sílìn POP tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ dẹ́kìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dín ariwo kù, ti oníke sì fúyẹ́ ju kí a kà á kún lọ.

Ní ti ooru, dẹ́kìn tó wà láàárín yàrá méjì kò ní iṣẹ́ púpọ̀, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ sábà máa ń gbóná bákan náà. Páànù orí ilé, tí gbígbóná rẹ̀ lè kọjá 60°C lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ló ń yan àwọn ará òkè, sílìn ibẹ̀ ni kí ẹ sì tẹ́ òwú lé lórí. Ṣùgbọ́n bí dẹ́kìn bá dojú kọ oòrùn fúnra rẹ̀, kọnkéré yóò gba ooru ní gbogbo ọjọ́, yóò sì máa tú u sínú yàrá lóru. Orí dẹ́kìn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ fóòmù funfun tó le dáadáa sí, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, kí ẹ da ìtẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì bò ó, kí ẹ fi ohun tó ń dá omi dúró sí i, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ funfun. Fóòmù 50 mm péré ń dá ooru dúró ju kọnkéré tó nípọn tó mítà kan lọ. Bí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ilé ìdáná tàbí ilé búrẹ́dì, òwú òkúta ni kí ẹ fi sí abẹ́ dẹ́kìn, nítorí pé fóòmù funfun ń gbiná.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti parí tẹ́lẹ̀ lè tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí pálọ̀, kí ó sì gbé odó lé rọ́bà táyà àtijọ́. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa, nítorí pé ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ fúláàtì níbẹ̀ ló sọ ọ́ di dandan láti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Òfin ilé kíkọ́ ní England kò tilẹ̀ gbà kí ìró ẹsẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ nínú fúláàtì tuntun kọjá désíbẹ́ẹ̀lì 62 nínú àyẹ̀wò.

Nígbà tí ìtẹ́lẹ̀ bá gbẹ, tí wọn kò sì tíì lẹ táìsì, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi ọmọ odó lu ilẹ̀ òkè, kí ẹ dúró nísàlẹ̀ láti gbọ́ ọ, yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Ibi tí ó bá ti dún ketekete ni kí ẹ lọ ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ etí ògiri lókè. Bí ó bá kan sìmẹ́ńtì, kí bíríkìlà gbẹ́ ẹ kúrò kí ẹ tó san owó tó kù fún un.