Bí Kìnnìún Inú Kàtúùnù Ṣe Dé Orí Ìtàgé Wa

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ní The Lion King làwọn fẹ́ ṣe lópin ọdún, fíìmù 1994 tí wọ́n ti wò títí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi wà lórí ahọ́n wọn. Àyà mi já. Ẹni tó ń ya kàtúùnù lè da agbo ẹran tí kò lóǹkà lé Simba, ọmọ kìnnìún kan ṣoṣo. Èmi, ọmọ 22 ni mo ní, àti gbọ̀ngàn tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ju òṣèré lọ.

Ti ìwé àṣẹ kò pẹ́. Ẹ̀dà oníṣẹ́jú 30 wà fún àwọn ọmọ iléèwé. A sanwó, wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ àti orin. Ojú ẹranko ló dà mí láàmú.

Páálí tó bo gbogbo ojú ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ọmọ tó ń ṣe Scar, kìnnìún búburú, sọ̀rọ̀, a ò gbọ́ ju "ùn-ùn-ùn" lọ. Mufasa, ọba kìnnìún, rìn lọ kọlu ògiri. Nala, ọ̀rẹ́ Simba, ní, "Àǹtí, ooru ń mú mi."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wo fọ́tò The Lion King orí ìtàgé, tí Julie Taymor darí ní Broadway, àdúgbò ìtàgé ní New York, ní 1997. Orí kìnnìún wà lókè, ojú òṣèré hàn kedere nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣé kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí? Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń wo ère tí wọ́n ń gbé karí. (Taymor gbé ní Indonéṣíà, ibẹ̀ ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n tirẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n yọ̀.) Mo ká òṣùká fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo fi wáyà so orí ẹranko mọ́ ọn, mo fi rọ́bà dè é sábẹ́ àgbọ̀n. Ta ni kò mọ ẹrù rù nínú wọn? Ọrùn nà, ìrìn yí padà. Ìrìn ọba ni, n kò sì kọ́ wọn.

Níbi tí agbo ẹran ti ya, mo jí ọgbọ́n Taymor lò: kékeré lókèèrè, ńlá nítòsí. Mo kun orí ẹfọ̀n wẹ́wẹ́ sára aṣọ tí ọmọ méjì ń yí lẹ́yìn. Mẹ́fà dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orí tó tó abọ́. Mẹ́rin tó ga jù gbé èyí tó tó agboòrùn. Dùndún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń le sí i. Simba kò kúrò lójú kan, ó kàn ń sáré níbi tó dúró sí.

Lọ́jọ́ eré, aṣọ há lójijì. Kò sẹ́ni tó rí i, nítorí ìyá àgbà kan ti dìde lẹ́yìn: "Ẹ gbọmọ yẹn kúrò lọ́nà o!"