Bí mo ṣe ja ẹjọ́ ọtí mímu wakọ̀ ní Houston

Ibi ìkómọ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti ń bọ̀ lálẹ́ Sátidé, bíà mẹ́ta ni mo mu, mo sì rò pé ojú mi ṣì dá. Ọlọ́pàá dá mi dúró pé táyà mi gun ìlà. Ó ní kí n máa fojú tẹ̀lé báírò òun, kí n rin ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án lọ kí n tún rìn ín bọ̀, kí n fẹsẹ̀ kan dúró, mo ṣe gbogbo ẹ̀ torí mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ní òun ò ṣe. Nígbà tí mo fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ ní àgọ́ wọn, 0.09 ni ìwọ̀n ọtí tó gbé, bẹ́ẹ̀ tó bá ti tó 0.08, òfin Texas ti mú èèyàn nìyẹn. Àtìmọ́lé ni mo sùn. Kò dáa bí mo ṣe wakọ̀ yẹn, mi ò ní gbèjà ara mi lórí ìyẹn láéláé.

Wọ́n gba láísẹ́ǹsì mi, wọ́n fún mi ní pépà kan tí wọ́n kọ DIC-25 sí, èmi sì ká a sápò bíi rìsíìtì lásán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kà á dáadáa, ó pariwo, ó ní "Ọjọ́ 15 péré lo ní o!" Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́, ẹjọ́ méjì ni: ọ̀kan ti kóòtù, ọ̀kan ti láísẹ́ǹsì nìkan tí wọ́n ń pè ní ALR, pépà yẹn lẹ máa fi wakọ̀ fún ọjọ́ 40 àmọ́ tẹ́ ò bá bèèrè fún ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 15 yẹn, láísẹ́ǹsì máa lọ, kò sẹ́ni tó máa pè yín.

Lọ́yà àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀, owó ló ń sọ ṣáá. Èkejì, kó tó dárúkọ owó rárá, ó bi mí bóyá gíríìn káàdì ni mò ń lò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní láti 2010 ni kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí lọ́yà jẹ́ kí àlejò mọ ohun tí gbígbà pé òun jẹ̀bi lè ṣe sí ìwé ìgbélùú ẹ̀, pé deferred, ìyẹn kí adájọ́ dá ìdájọ́ dúró ná kí wọ́n máa ṣọ́ ìwà èèyàn, tí àwọn èèyàn wa ń yọ̀ mọ́ pé kì í ṣe ìdálẹ́bi, ìdálẹ́bi ni àwọn ímígíréṣọ̀n máa kà á sí. Òun ni mo gbà.

Ó ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá yẹn wá síbi ALR, ọkùnrin náà búra pé òun wà lọ́dọ̀ mi fún ìṣẹ́jú 15 kí n tó fẹ́ atẹ́gùn, torí òfin ní kí wọ́n wà lọ́dọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ kó má lọ fi nǹkan kan sẹ́nu. A pàdánù, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì mi fún ọjọ́ 90, kóòtù wá fún mi ní èyí tí mo lè fi lọ síbi iṣẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ lọ́yà ní ìbúra yẹn gan-an lòun ń wá, torí nígbà tí fídíò àgọ́ wọn jáde, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí ọlọ́pàá fi wà lọ́dọ̀ mi.

Ó tó oṣù mélòó kan kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó gbà láti yí ẹ̀sùn náà padà sí dídí ojú títì. Lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú báírò lọ́wọ́, mo tún yíjú sí lọ́yà mi, mo rọra bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá káàdì mi ò ní ní wàhálà, ó ní òun ti bá lọ́yà ímígíréṣọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà yẹn ni mo tó fọwọ́ sí i.