Fíìmù ń ta kítí lórí tẹlifíṣọ̀n, géèmù ń lọ geere: ohun tó bá mi yanjú rẹ̀

Láàpútọ́ọ̀pù mi ni mo so mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú wáyà HDMI. Géèmù kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ti rọra yí nínú fíìmù, àwòrán á máa ta kítí kítí bí ọkọ̀ tó ń gba ojú gálọ́ọ̀pù.

Mo pààrọ̀ wáyà, pàbó. Mo tan motion smoothing tẹlifíṣọ̀n (ètò tó ń fi àwòrán àtọwọ́dá há àárín àwòrán fíìmù kó lè lọ geere): ó dín in kù lóòótọ́, àmọ́ ojú fíìmù wá ń dán gbinrin bí ìròyìn alẹ́. Mo yáa pa á.

Àwòrán 24 ni fíìmù máa ń ní ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n mi ń sọ ojú rẹ̀ dọ̀tun nígbà 60. 24 kò pín 60 dọ́gba, nítorí náà àwòrán kan á hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń fa kítí kítí náà nìyẹn.

Lórí Windows 11: Settings, System, Display, Advanced display. Mo mú tẹlifíṣọ̀n náà, mo yí refresh rate (iye ìgbà tó ń sọ ojú rẹ̀ dọ̀tun ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 24 Hz (23.976 náà dára). Ló bá dúró!

Ẹ dá a padà sí 60 kí ẹ tó ta géèmù o, torí ní 24, máòsì gan-an á máa wọ́. Tí tẹlifíṣọ̀n yín kò bá ní 24, ẹ wò ó bóyá ó ní 120. Ìyẹn pín dọ́gba. Tèmi nìyí ṣá, tiyín lè yàtọ̀.