Bí A Ṣe Lè Mọ Tantra, Kí A sì Rí Olùkọ́ Tó Ṣeé Fọkàn Tán

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni wọ́n sábà máa ń fi polówó tantra, ọ̀nà ìjọsìn àti àṣàrò kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́ gbọ́dọ̀ fi ìpolówó yẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Íńdíà ni, láàárín àwọn tó ń bọ Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù, àtàwọn tó ń bọ abo òrìṣà, láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà gbà á, wọ́n sì gbé e dé Tibet, Nepal àti Japan. Ní tẹ́ḿpìlì abo òrìṣà Kamakhya ní ìlú Guwahati ní Íńdíà, kò sí ère kankan níbi mímọ́ jùlọ. Àpáta tó lanu ni wọ́n ń bọ, omi ìsun sì ń rin ín. Inú òkùnkùn ni olùjọ́sìn ti ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ lọ bá a.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni pípe mantra, ìyẹn ọ̀rọ̀ mímọ́, léraléra, ìlẹ̀kẹ̀ 108 ni wọ́n fi ń kà á, àti fífi ọkàn wo òrìṣà títí ẹni náà á fi rí ara rẹ̀ bí òrìṣà ọ̀hún. Ìbálòpọ̀ wà nínú ètò àwọn ẹ̀ka kan lóòótọ́, àmọ́ ìba díẹ̀ ni.

Tí ẹ bá ti wá rí olùkọ́, ẹ bi í pé: ta ló kọ́ yín? Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bi babaláwo nípa ojúgbọnà rẹ̀ ò ní rí ìbéèrè yìí bí àrífín. Nígbà tí Kūkai, ẹlẹ́sìn Búdà ọmọ Japan, kọjá sí Ṣáínà ní 804, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Huiguo ló ti gba ìmọ̀. Huiguo gbà á lọ́wọ́ Amoghavajra. Títí dòní, àwọn ẹlẹ́sìn Shingon, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà tí Kūkai dá sílẹ̀ ní Japan, ń ka orúkọ wọ̀nyí.

Ẹ má tètè gba ìwọlé sínú awo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Lẹ́yìn ìwọlé, ẹ̀jẹ́ ti dè yín mọ́ olùkọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Tibet fi ní kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yẹ ara wọn wò, ó lè tó ọdún 12. Ẹ máa lọ síbi ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé lè wá. Ẹ wo bí olùkọ́ náà ṣe ń bá ẹni tó ń se oúnjẹ fún un sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ibi tí owó ń lọ. Ẹ wá àwọn tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Tó bá ní kí ẹ wá sùn ti òun, kí ẹ fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ tàbí aya, kí ẹ pa oògùn dókítà tì, tàbí pé ègún á jà yín tí ẹ bá lọ, ẹ dìde níbẹ̀. Orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 2017, mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sogyal Rinpoche, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà ọmọ Tibet tó lókìkí, tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé ó ń lù wọ́n, ó sì ń fi ìbálòpọ̀ jẹ àwọn kan níyà. Ìwádìí agbẹjọ́rò tó jáde ní 2018 ti ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn náà lẹ́yìn. Dalai Lama, aṣáájú ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, fúnra rẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n máa tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ síta.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ̀jẹ́ kankan ò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ sì gbé e lọ bá ọlọ́pàá.