Ọ̀pá Snúkà Tó Fúyẹ́ Jù Tàbí Tó Wúwo Jù: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Mi

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ọ̀pá kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ta snúkà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi, ọ̀pọ̀ wọn sì ti fi ọ̀bẹ ba ìdí ọ̀pá jẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ọ̀pá alápá méjì, èyí tí a ń lọ́ pọ̀ láàárín, ni mò ń sọ. Ọ̀pá gbọọrọ tí kò ní oríkèé ní ìdáhùn tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá mi fúyẹ́ jù. Kí ni kí n fi kún un?

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà ti tó. Ẹ wọn apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ ro ó pọ̀. Áúńsì 18 jẹ́ 510 giráàmù, 19 jẹ́ 539, 20 jẹ́ 567, 21 jẹ́ 595. Ẹni tí kò bá mọ iye tí ọ̀pá rẹ̀ wà kò lè mọ iye tó máa fi kún un.

Ìwọ̀n wo ló dára jù?

Èyí tó bá bá ọwọ́ yín mu. Òfin WPA, àjọ tó ń darí pool lágbàáyé (eré tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní snúkà), kò sọ iye tí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ jù. Ohun tó sọ ni pé kó má ju áúńsì 25 lọ, ìyẹn nǹkan bíi 709 giráàmù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ọ̀pá nítorí pé "ìwọ̀n àwọn ọ̀gá" ni.

Ṣé mo lè fi sáńpépà ha iwájú ọ̀pá kó lè fúyẹ́?

Rárá. Apá iwájú lápapọ̀ fúyẹ́ púpọ̀ ju apá ìdí lọ. Ohun tí ẹ máa rí yọ níbẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pá yín á sì ti tín-ín-rín kọjá àtúnṣe.

Mo wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ dára, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé iwájú rẹ̀ ń fà mí.

Èyí ló ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú tí ẹ kò mọ̀. Ìwúwo kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ìwúwo jókòó sí ni. Ẹ gbé odindi ọ̀pá lé ìka kan títí yóò fi dúró déédéé láìtẹ̀ sí ibì kan, kí ẹ fi tépù wọn ibẹ̀ sí ìdí. Èyí tó pọ̀ jù máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 46 sí 48 sẹ̀ǹtímítà. Ká ní ọ̀pá yín jẹ́ 540 giráàmù, tó ń dúró déédéé ní 48. Bí ẹ bá fi 28 giráàmù, ìyẹn áúńsì kan, sínú ìdí rẹ̀ níbi tó jìn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, ojú ibi tó ti ń dúró á sún sẹ́yìn sí 46. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí iwájú ń fà lè fi díẹ̀ kún ìdí, kí ara sì tù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pá náà ti wúwo sí i. Ẹni tó ń ṣe bíi pé iwájú ọ̀pá fẹ́ fò lọ, kó yọ díẹ̀ nídìí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó tó kí n tó náwó?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe balancing fún táyà ọkọ̀. Wọ́n ní irin pẹlẹbẹ alálẹ̀mọ́ tí wọ́n gé ní 5 àti 10 giráàmù. Ẹ ra díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọ̀pá, ẹ fi tépù wé e, kí ẹ wá fi ta eré fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ òjé ni wọ́n fi ṣe é, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ìgbà tó bá ti bá yín lára mu ni kí ẹ tó wá irin ìwúwo tòótọ́, èyí tí a ń lọ́ sínú ìdí ọ̀pá. Gbogbo ènìyàn ni mo ń sọ èyí fún, àwọn tó ṣe é kò sì wọ́pọ̀.

Ibo ni irin ìwúwo náà wà?

Lábẹ́ rọ́bà ìdí. Bí ẹ bá rí ihò láàárín rọ́bà, skúrù ló dè é, ẹ fi súkúrúdráfà tú u. Bí kò bá sí ihò, tìtìbọ̀ ni wọ́n tì í bọ ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ lọ́ ọ, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ọ̀bẹ wú u. Nínú ihò ìdí ọ̀pá ẹ máa rí irin olójú lílọ́ tó ní ihò onígun mẹ́fà lórí, Allen key (irin onígun mẹ́fà tí a fi ń tú skúrù) elésẹ̀ gígùn ló ń tú u. Ọwọ́ òsì ni ẹ máa yí i sí.

Irin tí mo rà kò wọlé.

Ojú lílọ́ rẹ̀ yàtọ̀ ni. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ mú èyí tí ẹ tú jáde dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ kọ́kọ́ yí i sí òsì títí ẹ ó fi gbọ́ tó bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ yí i sí ọ̀tún. Bí ọwọ́ lásán kò bá lè yí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dúró. Agbára ló ń la igi.

Ṣé mo lè yọ irin kúrò pátápátá?

Ẹ lè yọ ọ́, àfi bí ó bá jẹ́ inú irin náà ni skúrù rọ́bà di mú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá irin tó fúyẹ́ jù lọ rọ́pò rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fi irin kún un, ó ń dún gìrì bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù.

Ìdáhùn èyí gùn, nítorí ìjà tí mo bá irú rẹ̀ jà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó rọrùn: ṣé rọ́bà fún, ṣé oríkèé fún, ṣé awọ orí ọ̀pá kò tíì ṣí? Lẹ́yìn náà ẹ tú ọ̀pá sí méjì, ẹ fi ìka méjì gbá apá kọ̀ọ̀kan mú láìfún un, kí ẹ fi ìkúùkù kàn án sẹ́bàá etí. Apá iwájú lè jẹ̀bi kí ẹ máa fìyà jẹ ìdí.

Ọkùnrin kan gbé ọ̀pá wá tí kì í dún bó bá rọra gbá bọ́ọ̀lù, àfi bó bá fọ́ bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti rà á. Mo fún irin rẹ̀ le, ó ń dún. Mo yọ irin náà kúrò pátápátá, ó ṣì ń dún. Mo fún gbogbo ohun tó ṣeé fún níwájú, ó ń dún. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń da súpà gúlù sínú ihò nìyẹn. Mo tan iná fóònù sínú rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀, mo sì rí ohun kan tó ń dán nísàlẹ̀ pátápátá: irin kejì. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi irin kan sí i, kò fún un dópin, ó da gúlù lé e, ó tún wá gbé òmíràn lé e lórí. Súpà gúlù máa ń le gan-an ṣùgbọ́n kò fara da ìlù. Bí ọ̀pá ti ń gba ẹ̀ṣẹ́ bọ́ọ̀lù, gúlù náà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin kò lè jáde, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Gbígbá pẹ̀lẹ́ kò tó láti mì ín, ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbọ́ ọ.

Gúlù ti kún ihò igun mẹ́fà rẹ̀, Allen key kò rí ibi dì mú. Mo fi òwú rẹ ásítóònù, ohun tí àwọn obìnrin fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́, mo ki í bọ̀ ọ́, mo sì fi ìṣó tín-ín-rín ha á. Ẹ má jẹ́ kí ásítóònù kan ara ọ̀pá o, ó ń jẹ àwọ̀ dídán rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó wáyà rédíò mú Allen key gbóná, mo tì í bọ irin náà, mo dúró kí ooru wọ̀ ọ́, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ooru máa ń sọ gúlù yìí di aláìlágbára. Iná gangan kò gbọ́dọ̀ wọ inú ihò, igi ni. Nígbà tó mì díẹ̀, mo dá a padà díẹ̀, mo tún tú u díẹ̀, títí ó fi jáde pẹ̀lú èèpá gúlù lára.

Mo fọ ihò náà mọ́, mo wọn irin méjèèjì pọ̀, mo sì wá ẹyọ irin kan tó tó ìwọ̀n wọn. Tépù funfun tí púlọ́mbà fi ń wé ẹnu páìpù ni mo wé mọ́ ojú lílọ́ rẹ̀, nítorí ó ń di irin mú láìní kó ṣòro tú. Mo gé kọ́ọ̀kì ìgò kékeré sáàárín irin àti rọ́bà. Ìró náà kò padà wá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn gúlù adìrin-mú, èyí aláwọ̀ búlúù ni kí ẹ rà, irinṣẹ́ ọwọ́ lásán ṣì lè tú u. Pupa máa ń fẹ́ iná kó tó tú, ẹ má gbé e sún mọ́ ọ̀pá onígi.

Ọ̀pá ṣọ́ọ̀bù wa kò ní oríkèé, kò sì ní irin tó ṣeé tú. Ṣé kí n lu ihò sí ìdí rẹ̀?

Ẹ má ṣe é nílé. Òjé ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ igi. Dírílì ọwọ́ kì í lọ tààrà nínú igi tó rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà jáde. Lẹ́búlẹ́bú òjé tó máa dà sílẹ̀ sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún àwọn ọmọdé tó ń ta snúkà lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó ní lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè gbẹ́ ẹ tààrà, tó sì ti ṣe ọ̀pá rí, ni kí ẹ gbé e fún. Bó bá dárúkọ owó tó ju ti ọ̀pá tuntun lọ, ẹ ra tuntun.