Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì mi kalẹ̀ lásán, kílọ́ọ̀ṣì ṣì ń han

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí o. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò mi, pẹ́dà tá a máa ń tẹ ká tó yí gíà, ló ń han fíìn, bí ilẹ̀kùn tí ìdè ẹ̀ ti dógùn-ún. Mẹkáníìkì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní rìlíísì bíárìn, ìyẹn bíárìn tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì kó lè tú, ti lọ. Wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ bíárìn, wọ́n tún ní kí n ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, àwo tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì, mọ́ ọn, pé ẹ̀ẹ̀kan náà la máa sọ ọ́ kalẹ̀. Mo sanwó. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́, fíìn!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó sínú mọ́tò, mi ò ṣáná sí i, mo tẹ pẹ́dà, ó ṣì han. Bẹ́ẹ̀ rìlíísì bíárìn kì í yí tí ẹ́ńjìnì ò bá yí, báwo lòun ṣe máa wá máa ké? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ́ńjìnì á ti máa ṣiṣẹ́, èèyàn á tẹ pẹ́dà kó tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Tó bá sì jẹ́ pé ìgbà téèyàn gbẹ́sẹ̀ kúrò ló ń dún, tó dákẹ́ téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, bíárìn inú gíábọ́ọ̀sì nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tó gbowó mi ò ṣe é!

Ibi tó wá dá mi dúró ni pé ó ku pẹ́dà, ó tún ku fọ́ọ̀kì tó ń ti bíárìn. Àbúrò mi ń bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ni mo bá sọ pé fọ́ọ̀kì ni, ìyẹn ni pé gíábọ́ọ̀sì á tún sọ̀ kalẹ̀, ọkàn mi kàn dàrú ni. Mo tún dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹ̀yìn ń ro mí, ó tún wá dà bíi pé ibẹ̀ ló ti ń dún. Irin ló ń gbé ohùn kiri, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a. Ìgbà tí mo pa etí tì, tí mo fọwọ́ lé àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí àbúrò mi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ni mo mọ̀ ọ́n: ibi tí pẹ́dà ti so rọ̀ lókè ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka mi gẹ́ẹ́ bó ṣe ń han. Èmi tí mi ò kọ́ṣẹ́ mọ́tò rí ni mo rí i o!

Mo kọ́kọ́ fín ọ́ìlì sí i, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà. Ọ́ìlì yẹn ti ṣàn jù, kì í dúró síbẹ̀. Mo wá tú u, búùṣì, òrùka rọ́bà inú ẹ̀, ti jẹ sápá kan, ó gbẹ furúfurú. Mo fi òmíràn sí i, mo fi gírísì tó ki pa á. Tí tiyín bá ń han, ẹ pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì yín, ẹ jẹ́ kó ṣe é níṣojú yín.

Ó ti lé lóṣù mẹ́rin, kò han mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí wọ́n yọ sì wà ní búùtù mi, ó ṣì nípọn dáadáa.